Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ta Kókó nínú Ìwé Fágúnwà àti Bí A Ti Ń Kọ́ Ọ

Nínú kíláàsì Yorùbá, gbólóhùn kan wà tí kò sí olùkọ́ tí kì í lò ó: 'ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó'. Bí àkàyé bá parí, tàbí bí wọ́n bá ka orí kan tán nínú ìwé ìtàn-àròsọ, olùkọ́ yóò ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fa àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó yọ, kí wọ́n sì wá ìtumọ̀ wọn. Gbólóhùn náà yẹ fún àkíyèsí ju èyí tí a ń fún un lọ. Okùn ni ó máa ń ta kókó; ẹni tí ó bá sì fẹ́ lo okùn náà ní láti tú u. Nínú 'tú' yìí ni 'ìtumọ̀' ti jáde: kí a tú ìmọ̀. Èdè Yorùbá kò ka ìtumọ̀ sí ohun tí a gbé lé ọ̀rọ̀ lórí láti ìta, bí ìgbà tí a bá fi ọmọrí dé ìkòkò. Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni ó wà. Iṣẹ́ ẹni tí ń wá a ni láti tú u síta. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì yàtọ̀ sí èyí. Wọn kì í tú kókó níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń gé e, tí wọ́n sì ń fi okùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ni kíka ìwé D. O. Fágúnwà, pàápàá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé-ìtẹ̀wé C.M.S. gbé jáde ní 1938. Ìdíje ìwé kíkọ tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ṣe ní 1936 ni Fágúnwà kọ ọ́ fún, olùkọ́ sì ni òun tìkára rẹ̀. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i ní 1903, ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, níbẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé ní àkókò tí ó kọ ìtàn náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ó kú ní 1963. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ líle sínú ìwé wọ̀nyí mọ̀ dájú pé ọmọ ilé-ìwé yóò kà wọ́n. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àgbàlagbà ni Fágúnwà kọ ìwé fún, tí ilé-ìwé wá já a gbà lọ́wọ́ wọn. Láti inú èrò yìí ni àwọn tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ ọ̀rọ̀ líle kúrò nínú ìwé náà, kí a tún un kọ ní èdè tí ó rọrùn, ti ń mú àwíjàre wọn wá. Àwíjàre náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìtàn ọdẹ kan tí ó wọ igbó lọ tí ó sì padà wálé ni yóò kù, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n wa ní ilé.

Ohun tí bébà yìí dúró lé ni pé Fágúnwà ti fi ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìtòsí wọn: nínú orúkọ, nínú òǹkà, nínú ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ń bá wọn rìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kùnà láti rí i, kì í ṣe jíjinlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ó dí i lọ́wọ́ jù bí kò ṣe pé a ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àkọlé ìwé náà fúnra rẹ̀ tó ẹ̀rí. Lórí pátákó ìkọ̀wé, 'ògbójú' máa ń jẹ́ 'alágbára'. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn yóò pàdé 'ògbóǹtarìgì', wọn yóò ní 'ẹni ńlá' ni. Lẹ́yìn èyí yóò pàdé 'ògbólógbòó', ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tún padà sí 'alágbára'. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ojú wọn jọra, tí ìtumọ̀ inú ìwé wọn sì jọra, kò sí ohun tí yóò yà wọ́n lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn kò kéré. Ògbóǹtarìgì ni ẹni tí a ń yìn fún mímọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú: ògbóǹtarìgì òǹkọ̀wé, ògbóǹtarìgì onílù. Ògbólógbòó ni ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu nǹkan tí ó sì ti le sínú rẹ̀, ohun burúkú ni a sì sábà máa ń lò ó fún: ògbólógbòó olè, ògbólógbòó ọ̀daràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ògbólógbòó olùkọ́ ni ọ̀gá òun kò gbèrò láti bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó ń dá padà. Ní ti ògbójú, ojú wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbójú ni, ẹni tí ojú rẹ̀ kò yẹ̀ níwájú ohun tí ó ń dẹ́rù ba àwọn ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ ènìyàn rere, ó lè jẹ́ ènìyàn búburú. Kò sí ìyìn tàbí èébú tí ó dá lórí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá mọ èyí, a ó rí ìdí tí Fágúnwà kò fi pe ọdẹ rẹ̀ ní akọni tàbí alágbára nínú àkọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbára ni. Nínú igbó tí ó wọ̀, ohun tí ojú ń rí ni ìdánwò àkọ́kọ́. Ọwọ́ kò tíì gbé idà, ẹsẹ̀ kò tíì sá, ojú ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Ìṣòro kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun sì ni ti ohùn. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́, àmì ohùn kò pọ̀ nínú àwọn ìtẹ̀jáde tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Fágúnwà. Èyí kò pa àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Kíkà sókè ni kíkà nígbà náà. Etí a máa gbọ́ ohun tí ojú kò rí, àgbà tí ó jókòó nítòsí a sì máa tún ọ̀rọ̀ pè bí ọmọ bá ṣì í pè. Kíkà ìdákẹ́jẹ́ ni ti òde òní. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó jókòó ti ìwé, lẹ́tà nìkan ni ó sì wà níwájú rẹ̀.

Orúkọ olórí ẹ̀dá-ìtàn ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, Akara-ogun ni. Kí ni 'ogun' yìí? Ogun tí à ń jà wà. Ogún tí òkú fi sílẹ̀ fún ọmọ wà, ogún tí a ń kà lẹ́yìn mọ́kàndínlógún sì wà pẹ̀lú. Ògún òrìṣà irin wà. Odò Ògùn tí ó ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá wà. Ògùn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní oògùn náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú Ògún kì í ṣe òmùgọ̀. Ọdẹ ni ọkùnrin náà. Ògún ni òrìṣà ọdẹ. Irin ni ọdẹ fi ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe náà bá ìtàn mu dáadáa, ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti mú. Àṣìṣe tí kò bá ìtàn mu a máa fi ara rẹ̀ hàn. Irú èyí, ńṣe ni yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ gbé títí tí yóò fi jáde ilé-ìwé, tí yóò sì fi di olùkọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Síbẹ̀ ìtàn náà ti tú kókó yìí ní kété tí ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdẹ náà ń sọ ìran rẹ̀, kò sọ ti òrìṣà irin. Oògùn bàbá rẹ̀ ni ó ń kà, ó sì fi kún un pé àjẹ́ ni ìyá òun. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ pẹ̀lú orúkọ náà lọ́kàn kò ní ṣi ohùn orúkọ náà mú mọ́. Ó sì tún kù sí i. Kí ni àkàrà ń ṣe níbẹ̀? Bí wọ́n bá béèrè, ẹ̀rín ni kíláàsì máa ń rín, wọn a sì kọjá. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń din àkàrà mọ ohun tí orúkọ náà ń sọ. Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni ó para pọ̀ di àkàrà. Lẹ́yìn tí a bá ti lọ̀ wọ́n, tí a ti pò wọ́n, tí epo sì ti din wọ́n, kò sí ẹni tí ó tún lè ṣa ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ọkùnrin yìí kò ru oògùn kiri nínú àpò bí ọdẹ mìíràn. Oògùn ti dà pọ̀ di ara rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká náà gba ọ̀nà yìí nígbà tí ó túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968: àpòpọ̀ ni ó tẹnu mọ́ nínú orúkọ náà, kò sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ níbẹ̀. Ó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó bá gba ibẹ̀ kọ́ orúkọ náà ti pàdánù iná ìdáná àti agbada epo.

Ọ̀rọ̀ ohùn kò mọ sórí orúkọ. Yorùbá kún fún ọ̀rọ̀ tí ìró wọn fúnra rẹ̀ ń yàwòrán nǹkan, Fágúnwà sì lò wọ́n lọ́pọ̀ yanturu. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀ tí a lè kọ sí iwájú rẹ̀ bí kò ṣe ìró rẹ̀. Nǹkan tí ó rí rògòdò tóbi. Èyí tí ó rí rógódó kéré. Bákan náà ni rìbìtì àti ríbítí. Ohùn ìsàlẹ̀ fún ńlá, ohùn òkè fún kékeré. Bí òǹkọ̀wé kan bá sọ pé ojú iwin rí 'rogodo', tí kò sì sí àmì lórí rẹ̀, òǹkàwé tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbà kò lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 tún sípẹ́lì wa ṣe lọ́nà púpọ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe sípẹ́lì kì í ṣe fífi ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó tẹ̀ lé àkọtọ́ náà ni kò ní àmì tí ó tó. Kí a tó yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú Fágúnwà nítorí pé ó le, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi àmì sí i, kí a wò ó bóyá ó ṣì le.

Láti orí Àkàrà-ògùn a lè lọ sí orúkọ àwọn tí ó bá a rin ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó. Èyí ni ibi tí ó lọ́rọ̀ jù lọ fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀. Ìmọ̀dòye ni ọ̀kan. Bí a bá dá fáwẹ̀lì tí a pa jẹ padà, ìmọ̀ di òye ni. Nínú ìwé ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìmọ̀, òye àti ọgbọ́n ni wọ́n máa ń fi túmọ̀ ara wọn. Ìmọ̀ ni òye, òye ni ọgbọ́n, ọgbọ́n ni ìmọ̀, wọn a sì máa yí po bẹ́ẹ̀. Orúkọ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan kò lè di ara rẹ̀. Bí ìmọ̀ bá di òye, a jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀, ọ̀tọ̀ ni òye, ọ̀nà kan sì wà láàrin wọn tí ènìyàn ní láti rìn. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn ní ìmọ̀. Ẹni tí ìròyìn náà yé dé ibi tí ó lè ti inú rẹ̀ fa ohun tí wọn kò sọ jáde ni ó ní òye. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan, 'di', tí ìró rẹ̀ kò tilẹ̀ kù tán nínú orúkọ náà mọ́, ni ó ya ọ̀rọ̀ méjì yìí nípá.

Ọlọ́hùn-iyọ̀ ni èkejì. Olórin ni, iyọ̀ sì ni ohùn rẹ̀. Ọmọ tí kò gbé inú èdè púpọ̀ yóò rò pé ohùn tí ó le lọ́fun ni, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ ní ilé-ìwé ya iyọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára dídùn. Yorùbá kò yà á. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ tó ni à ń pè ní ọbẹ̀ tí ó dùn. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ kò sí nínú rẹ̀ tẹ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, iyọ̀ wà lára ohun tí a fi ń tọ́ ọmọ lẹ́nu wò pé kí ayé rẹ̀ dùn. Ohùn iyọ̀ ni ohùn tí gbogbo ohùn yòókù tẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣóyínká mọ̀ pé bí òun bá kọ iyọ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì ni wọn yóò gbọ́. Adùn ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Ó tọ̀nà. Èyí tilẹ̀ fi hàn pé ìtumọ̀ tí ó tọ́ fún àlejò lè má tọ́ fún ọmọ onílé.

Àgbákò ńkọ́? Òun kò sí lára àwọn èrò Láńgbòdó. Ẹ̀dá abàmì tí Àkàrà-ògùn bá jà nínú igbó ni. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé orúkọ tí Fágúnwà hun fúnra rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, ìyá wọn nílé ń gbàdúrà láràárọ̀ pé kí ẹni tí ó jáde má ṣe àgbákò. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni òǹkọ̀wé mú, tí ó fi ẹran ara wọ̀, tí ó fún ní apá àti ojú. Ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi dá a mọ̀ ni pé inú ìwé ni ó ti rí i, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ inú ìwé àti ọ̀rọ̀ inú àdúrà lè jẹ́ ọ̀kan náà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo orúkọ ni ó ṣeé tú báyìí. Kàkó kò fún òǹkàwé ní irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sì fi tipátipá gé e sí wẹ́wẹ́ kí ó lè rí nǹkan sọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní irọ́.

Ọ̀rọ̀ òǹkà ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé orí rẹ̀ ni kíláàsì ti ń kọsẹ̀ jù láìmọ̀. Nígbà tí Àkàrà-ògùn ń ka ohun ìjà bàbá rẹ̀, irú mẹ́ta ni ó dárúkọ, àdó, ató àti oǹdè, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba pé 'púpọ̀ púpọ̀' ni gbogbo wọn kò rí nǹkan. Igba ni ìdí òǹkà náà. Igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, 600. Igba mẹ́rin ni ẹgbẹ̀rin, 800. Igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, 1,000. Ṣe ni bàbá ọdẹ náà ń sọ̀ kalẹ̀ ní igba-igba. Ẹni tí ó bá mú èyí ní ọwọ́ yóò lè máa gòkè lọ fúnra rẹ̀: ẹgbẹ̀fà, 1,200; egbèje, 1,400. Ó ti dé Igbó Elégbèje nìyẹn, ọdún 16 kí ìwé tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tó jáde. Bí ó bá tún jẹ́ ẹni tí ó ń fi etí sílẹ̀, yóò béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ 'ẹgbẹ̀je'. Àǹkóò fáwẹ̀lì ni: e tí ó wà nínú 'èje' kò gba ẹ níwájú rẹ̀. Àkọlé ìwé kan ṣoṣo ti kọ́ ọ ní ìṣirò, ó sì ti kọ́ ọ ní gírámà. Lórí pátákó ìkọ̀wé, 'elégbèje' jẹ́ 'orúkọ igbó kan'.

Ohun tí a ń kà nínú òǹkà náà sì ń kú lọ. Àdó ni agbè kékeré tí wọ́n ń rọ ẹ̀bu oògùn sí. Ató kò mọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́ rárá. Ṣóyínká pàápàá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Oǹdè ni oògùn tí a fi awọ bò tí a sì ń so mọ́ ara, tí ohùn rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti òǹdè tí í ṣe ẹni tí a dè. Ibí yìí ni ó yẹ kí a gbà pé ìwé nìkan kò tó. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lè ṣàlàyé àdó fún ẹni tí kò rí i rí, àfi kí ó mọ̀ pé ohun olóògùn ni. Olùkọ́ tí ó bá dé ìsọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ní ọjà, tí ó ra ọ̀kan, tí ó gbé e sórí tábìlì, ti ṣe ju ohun tí ojú ìwé mẹ́wàá lè ṣe. Àwọn òbí kan lè fi ojú burúkú wò ó. Ó yẹ kí a retí ìyẹn, kí a sì dá wọn lóhùn. Orúkọ òǹkọ̀wé náà gan-an, onígbàgbọ́ tí ó jẹ́, Ifá wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí Fágúnwà gbà ń kọ́ni jù ni ti ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ́wọ̀ọ́ rìn. Kì í sábà fi ọ̀rọ̀ líle kan sílẹ̀ lóun nìkan. Yóò sọ nǹkan kan, yóò tún un sọ ní ọ̀nà mìíràn, yóò sì fi ẹ̀kẹta tì í. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ìtàn-àròsọ Fágúnwà ní 1974, yẹ àwítúnwí yìí wò gẹ́gẹ́ bí apá pàtàkì nínú ọnà-èdè rẹ̀. Àwọn mìíràn ti kà á sí àlébù, pé òǹkọ̀wé kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Bóyá ọnà ni, bóyá àlébù ni, ìwúlò rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ hàn gbangba. Gbólóhùn kan tí a hun fún ìdí yìí nìkan, tí kò sí nínú ìwé kankan, ni kí a fi wò ó: ọkùnrin náà láyà, ó gbóyà, kì í ṣe ojo. Ọmọ tí kò gbọ́ 'ojo' rí, tí kò sì rí àmì lórí rẹ̀, lè rò pé òjò ni. Ṣùgbọ́n láyà àti gbóyà ti dúró ní iwájú. Òjò kò lè bá wọn tò. Ohun tí ó kù ni kí ó mọ̀ pé òdìkejì akíkanjú ni ojo. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Ó tú u fúnra rẹ̀, ohun tí ènìyàn bá sì tú fúnra rẹ̀ kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fa 'ojo' yọ tí ó gbé e sórí pátákó, láyà àti gbóyà kò bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò le títí di ìgbà náà wá le.

Ibì kan wà tí ọ̀nà yìí ti já Fágúnwà kulẹ̀. Nígbà tí ó bá ń to orúkọ àwọn ẹ̀dá inú igbó, iwin, ẹbọra, egbére, ànjọ̀nú, kò sí ọ̀kan tí ó rọrùn ju èkejì lọ láàrin wọn, nítorí náà kò sí èyí tí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èkejì. Òǹkàwé a gbọ́ ariwo, ẹ̀rù a sì bà á díẹ̀, bóyá ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n yóò jáde níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Egbére kúkurú ni, ẹkún sísun àti ẹní rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n; ànjọ̀nú gba ọ̀nà Lárúbáwá àti Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, àlejò ni láàrin wọn. Ibi tí ìwé àtúmọ̀-èdè ti wúlò nìyí, ibẹ̀ sì ni wàhálà mìíràn ti dìde. Ti C.M.S. ti 1913 àti ti R. C. Abraham ti 1958, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi ń dáhùn. Ti Abraham sàn fún ohun tí à ń wí yìí, nítorí pé ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó béèrè ìyàtọ̀ iwin àti ẹbọra ní láti kọ́kọ́ dé ìlú ọba kí ó tó padà sí igbó tí ó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Isaac Delano gbé Atúmọ̀ Ède Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1958 kan náà. Ìwé tí ó yẹ kí ó bí ọmọ púpọ̀ ni, ọmọ tí ó bí kò sì pọ̀ tó.

Ewu tí ó wà nínú kí á gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá hàn nínú 'irúnmalẹ̀' fúnra rẹ̀. The Forest of a Thousand Daemons ni Ṣóyínká pe ìtumọ̀ rẹ̀. Kò lo ọ̀rọ̀ tí àwọn ìjọ fi ń pe èṣù; ó mọ̀ọ́mọ̀ mú sípẹ́lì àtijọ́ tí kò gbé ẹ̀sùn ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ìpinnu ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún tí ó wà nínú àkọlé Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ti Yorùbá. Iye tí ẹnu àwọn àgbà máa ń ka irúnmọlẹ̀ sí ni igba ti ọ̀tún àti igba ti òsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka ìtumọ̀ náà ṣáájú yóò mú ẹgbẹ̀rún wọ inú ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹgbẹ̀rún; òmíràn tí kò ka ìtumọ̀ kankan, tí ó rí 'Irunmale' láìsí àmì tàbí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ti ń ronú nípa Ìmàle. Ẹni méjèèjì ṣìnà, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣìnà kò sì jọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ àkọlé kan kù tí kò yẹ kí a fi sílẹ̀, ti ìwé tí ó jáde kẹ́yìn nínú márààrún. Nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, 'àdììtú' jẹ́ 'ohun ìjìnlẹ̀', ó parí síbẹ̀. Kò burú, kò sì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kọ ọ́ ní wẹ́wẹ́, à, dì, ì, tú, tí ó sì dákẹ́, ẹni kan yóò rí i pé ohun tí a dì tí kò ṣeé tú ni, àti pé ì tí ó wà láàrin ni ó ń ṣe iṣẹ́ 'kò'. Bí olùkọ́ bá tún ní sùúrù díẹ̀ sí i, ẹlòmíràn yóò rántí 'àlọìdé' tí wọ́n fi ń ṣépè fún olè, pé kí ó lọ kí ó má dé, yóò sì rí i pé bákan náà ni a ṣe hun ún. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kò sí lórí pátákó. Láti ilé ni ọmọ náà ti mú un wá.